Èédú Lára Ẹyin

Ẹsẹ̀ àwọn tó wá sìnkú màmá mi ní Nasarawa Gwong ló lé adìẹ rẹ̀ kúrò lórí ẹyin. Adìẹ burúkú, kò padà wá sàba mọ́! Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì sì ń mú. Mo kó ẹyin náà sínú páálí, mo fi ike omi gbígbóná tì wọ́n. Màmá ti fi èédú sàmì sí wọn lára, ká má baà ṣèèṣì dín wọn. Tàárọ̀-tàlẹ́ ni mò ń yí wọn bí adìẹ.

"Haba, ki yi haƙuri," ni aládùúgbò wa ń wí. Sùúrù kẹ̀?

Kò sí èyí tó pa. Ìgbà tí mo fẹ́ dà wọ́n nù ni mo rí i pé ara wọn mọ́ tónítóní. Ọwọ́ tí mo fi ń yí wọn ti nu àmì ọwọ́ màmá mi kúrò.