Ẹni Tó Ní Òun Kì í Mu Tábà

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi òwe Gẹ̀ẹ́sì ṣe fáàrí, inú máa ń bí mi. Mo mọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn fojú mi rí ní Ṣàgámù.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi. Kò sóhun tí wọ́n fẹ́ràn tó ìkòkò tábà wọn, ṣùgbọ́n eyín wọn ti ká, wọn ò lè fà á títí iná yóò fi ràn. Nílé wa, ọmọbìnrin inú ilé ló ń ṣe é. Á fi ẹyin iná lé tábà lórí, á fi ìkòkò sẹ́nu ara rẹ̀, á fà á títí yóò fi ràn, á nu ẹnu ìkòkò, á wá kúnlẹ̀ gbé e fún àgbà. Iṣẹ́ mi nìyẹn láràárọ̀. Ikọ́ ni mo ń rí níbẹ̀, mi ò rí adùn kankan.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ sílé ìwé fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Bó bá ti wọlé, á já ìkòkò gbà mọ́ mi lọ́wọ́. "Ìyá àgbà, èmi ni mo fẹ́ fi iná sí i fún yín!" Ẹ̀rín á pa ìyá àgbà.

Tíṣà wa kọ́ wa ní òwe Gẹ̀ẹ́sì nípa èéfín. Ìrètí asán, àlá ẹni tó ń fa ìkòkò tábà ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Èyí tó wọ ọ̀rẹ́ mi lára ni pé èéfín kì í rú níbi tí kò bá sí iná. Bí ọbẹ̀ bá jóná lásán, á ti sọ ọ́.

Nígbà tí mo bàlágà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ránṣọ fẹ́ mi. Èmi náà fẹ́ ẹ, kí ni n ó fi pa mọ́? Ìyá rẹ̀ ń ta obì ní Sábó. Kí wọ́n tó wá tọrọ mi, wọ́n ní láti wádìí mi, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n sì bi. Ta ló tún mọ̀ mí tó o?

Mo retí wọn títí, wọn ò wá. Mo bá gba Sábó lọ. Ìyá náà ń ṣa obì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹni tó ń mu tábà ò lè fọwọ́ kan obì mi. Ọ̀rẹ́ rẹ ló ní òun máa ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ. Mo ní bóyá ìyá àgbà rẹ lò ń bá fi iná sí i. Ó ní èéfín kì í rú níbi tí kò bá sí iná."

Háà! Òun tó ń já ìkòkò gbà lọ́wọ́ mi! Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ, obì ló ń ṣà lọ. Nígbà tí mo délé, mi ò sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Mo mọ̀ pé ìkòkò náà ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀rẹ́ mi wá sọ fún ìyá àgbà pé òun ń lọ sílé ọkọ. Ọkọ wo? Ránṣọránṣọ tèmi náà ni. Inú ìyá àgbà dùn, wọ́n na ìkòkò sí i.

"Ìyàwó, wá fi iná sí i fún mi bó o ti máa ń ṣe."

Ó fà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, mà. Èmi kì í mu tábà."

Ìyá àgbà wo ẹnu rẹ̀, wọ́n wo ojú mi. Omi ti lé síbẹ̀.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Èéfín nìwà, ọmọ mi. Rírú ní í rú."

Wọ́n gbọn tábà náà dà sílẹ̀. Títí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ kí n fi iná sí i fún wọn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi gba ọkọ mi, ó sì gba ìkòkò lẹ́nu ìyá àgbà.