Fóònù Abẹ́ Gèlè

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá, ni olórí ẹbí wa ní Arámọ̀kọ. Gbogbo wa la mọ ìwà rẹ̀: ohun tó bá sọ láàárọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á ní òun kò sọ ọ́. Kì í purọ́ o. Ó máa ń gbàgbé ni, àmọ́ kì í gbàgbé ohun tó bá ṣe é láǹfààní. Ìdí nìyí tí mo fi di fóònù mọ́ abẹ́ gèlè lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ni, mo sì fẹ́ gbin kòkó sí ilẹ̀ ẹbí kan tó ti di igbó lójú ọ̀nà Ìkógòsì. Kòkó yìí nìkan ni mo fẹ́ gbára lé lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ọmọ obìnrin ni mí. Bí kòkó bá so tán ni ẹbí yóò rántí pé ọkọ mi nílẹ̀ nílùú tirẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti tẹ fóònù kó máa gbohùn sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ìkíni bẹ̀rẹ̀. Bàbá kí mi kú ọ̀nà, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ìyá ọkọ mi tó ti kú. Mi ò lè yí orí, kí fóònù má baà já bọ́.

"Ọrùn ń dùn ọ́ ni?"

"Mo sùn lé e ni, Bàbá."

Àánú mi ṣe é, ó ní kí n jókòó sórí àga tirẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mi ò yọ fóònù. Nígbà tí mo tọrọ ilẹ̀ náà, ó mi orí pé òun gbà, ó pe àgbà ẹbí mẹ́ta, ó gbé obì, ó gbàdúrà sí i láìkánjú bí alàgbà ìjọ. Lẹ́yìn náà la lọ sóko, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ààlà hàn mí. Inú mi ń dùn pé fóònù ń gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ohùn wà níbẹ̀, mo sì fi pamọ́ láìfetí sí i.

Lọ́dún kejì, tí kòkó mi tó orúnkún, Bàbá ní òun kàn yá mi nílẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ kọ́lé síbẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì tìgbéraga-tìgbéraga, mo ní kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Ìkíni ló jáde. Ìkíni, ìkíni, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí i pé ohùn tí mo gbà sílẹ̀ kù díẹ̀ kó tán. Fídíò àwọn ọmọ-ọmọ mi ti kún inú fóònù, kò sì sí àyè fún oko àti ààlà.

Àdúrà ló kù. Ohùn Èkìtì Bàbá jáde ketekete: "Ulẹ̀ tí mo fún ọmọ mi yìí, Olúwa, kó jẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á gbà á, kó má rọ́wọ́ mú." Àgbà mẹ́ta sì ṣe àmín. Fóònù dákẹ́.

Ẹ̀rín tán. Èèyàn lè sẹ́ ọ̀rọ̀, ta ni yóò sẹ́ àmín? Ọmọ Bàbá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun ò kọ́lé síbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí Bàbá, á gbé obì, á pajú dé, ètè rẹ̀ á máa mì, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan.

"Inú ni mo ti gbà á," á wí, á sì wo gèlè mi.

Mo kọ́kọ́ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ní báyìí ó ń dùn mí. Nígbà tí kòkó mi kọ́kọ́ so, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá gbàdúrà sí i. Ó wá, ó sì gbà á sínú. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sábẹ́ kòkó, mo tẹ fóònù kí àdúrà ọjọ́ obì yẹn jáde, mo sì dá ṣe àmín.