Ẹni Tó Ń Bá Wa Dán Hẹ́ẹ̀dífóònù Wò

Bí mo bá rí hẹ́ẹ̀dífóònù lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ọkùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Airport Road, ní Benin níbí, ni mo máa ń rántí. Bí ẹnikẹ́ni bá ra tuntun wá, á na ọwọ́: "Ẹ jẹ́ n bá yín dán an wò." Á gbé e lé orí tí òógùn àti ìpara ń kán lára ẹ̀, á dijú, á wá dájọ́: "Béèsì ẹ̀ ń dún dáadáa. Ó rọ̀ létí." Ọ̀rá orí ẹ̀ ló máa ń kù sára fóòmù fún wa.

Ọjọ́ tí mo ra tèmi, aláwọ̀ wúrà, orí ẹ̀ ló wà títí a fi ṣíwọ́. Kó tó dá a padà, ó gbé e símú, ó yínmú.

"Sístà, ohùn ẹ̀ dùn gan-an, àmọ́ ó ń rùn. Ẹ máa fọ orí yín."