Katakata Tí Kò Lè Wọ Àkùrọ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ayétòrò, tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀rọ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wa kó tó dé rárá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀ oko ni wọ́n fẹ́ pawọ́ pọ̀ rà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ á kó ọkọ́ wọn, wọ́n á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bàbá mi ti kú, àáró yìí sì ni ìyá mi gbójú lé. Ìsàlẹ̀ òkè ni ilẹ̀ rẹ̀ wà, àkùrọ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Ìrẹsì tó ń gbìn níbẹ̀ ló fi ń rán mi lọ sílé ìwé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ ẹ̀rọ ṣàlàyé fún wọn pé oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ti iwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Kò wọ́n púpọ̀, mẹkáníìkì tó wà ní Ìjerò nítòsí wa sì lè tún un ṣe. Èkejì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ìyẹn kì í tètè rì sẹ́rẹ̀, àmọ́ ó wọ́n, ó sì ń mu epo bí ẹni mumi.

Ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ní, ni wọ́n bá mú ti àkọ́kọ́. Ìyá mi bèèrè pé àkùrọ̀ òun ńkọ́.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni wọ́n wí. "Ibi tí katakata ò bá ti lè wọ̀, a ó fi ọkọ́ bá yín ro ó."

A gbà wọ́n gbọ́.

Katakata dé, àwa ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Ó túlẹ̀ gbogbo oko tó wà lókè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ìyá mi, ẹnikẹ́ni ò sì mẹ́nu kan ọkọ́ mọ́. Àánú ṣe dẹ́rẹ́bà, ó ní kóun gbìyànjú etí àkùrọ̀ náà wò. Kò rìn jìnnà tí táyà ẹ̀yìn fi rì. Ariwo ta. Gbogbo àwọn alááró sáré dé pẹ̀lú okùn, wọ́n fà á, wọ́n tì í, ẹrẹ̀ ta sí wọn lójú, títí ó fi jáde.

Ìyá mi wò wọ́n yíká.

"Ẹ mà kú iṣẹ́ o. Mo rí okùn lọ́wọ́ yín. Ọkọ́ ńkọ́? Ulé lẹ fi í sí, tẹ́ ò mú un bọ̀?"

Ojú tì wọ́n, àwọn díẹ̀ sì wá ro díẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, a ò rí ẹnì kankan. Ìyá mi pa àkùrọ̀ náà tì, èmi náà sì fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ayé ti yí padà. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dáko fẹ́ ra katakata, kò mọ̀ bóyá èyí tó ń fi táyà méjì fà ni kí wọ́n rà tàbí èyí tó ń fi mẹ́rin fà. Èmi ò mọ ẹ̀rọ. Mo kàn bi í pé, "Ta ni ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jù nínú yín?"

Ó ní ìyá opó kan ni.

Mo ní kí wọ́n lọ bi ìyá náà kí wọ́n tó ra ohunkóhun.