Fọ́giri Ọkọ Mi àti Ibi tí Ẹ̀jẹ̀ Ti Ń Jò

Púlọ́ḿbà ni ọkọ mi. Fọ́giri ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe oríkì o, ẹ̀sùn ni. Tí páìpù bá ń jò nílé yín, tí ẹ pè é, á fọwọ́ pa ògiri, á gbé etí lé e, á ní ibí yìí ni, á wá gbé òòlù. Ibẹ̀ kọ́ ló máa ń jẹ́. Á sún sí òsì díẹ̀, á tún fọ́ ọ. Kó tó rí ibi tó ń jò, ẹ ti lè máa ti inú balùwẹ̀ kí aládùúgbò yín. Ṣùgbọ́n á rí i ṣá, tó bá sì ti dí i, ó di títí ayé nìyẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Ilé tiwa ńkọ́? Ihò mẹ́rin ló wà lára ògiri ilé ìdáná mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá dí wọn. Láti ìgbà wo? Ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, láàárọ̀, ó gun àkàbà lọ sídìí táǹkì omi ilé ìwé kan. Àkàbà yẹ̀, ọkọ mi sì fìdí lélẹ̀ lórí kọnkéré, àgbà ọlọ́gọ́ta ọdún. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi ọ̀já fífẹ̀ kan di ìbàdí rẹ̀ gírígírí, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn wa lọ, ṣàlàyé fún mi pé egungun ìbàdí ti ṣẹ́ síbi méjì, ẹ̀jẹ̀ sì ń jò nínú níbi tí ojú ò tó. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Tí wọn ò bá tètè rí ibi tó ń jò kí wọ́n dí i, kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Àyà mi já.

Ta ló wá ń jiyàn? Ọkọ mi náà ni. Ó ní apá òsì ló ń dun òun, apá òsì náà ló ń jò, kí wọ́n là á níbẹ̀ kíá. Dókítà ní rárá, àwọn á kọ́kọ́ fa oògùn kan sínú iṣan rẹ̀, àwọn á wá fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara rẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jò, oògùn náà á funfun níbẹ̀. Ọkọ mi ní níbi ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń lé omi kiri inú ògiri, òun ò ya fọ́tò páìpù kankan rí. Àfi tí wọ́n bá gbà pé òsì ni, òun ò ní fọwọ́ síwèé àṣẹ tí wọ́n gbé síwájú òun. Ẹ gbọ́ mi, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀ ló ń bá dókítà du iṣẹ́ o!

Inú bí mi. Mo ki bírò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ti fi ilé ìdáná mi kọ́ṣẹ́, mo gbà. Ara yìí, ẹ ò ní fi kọ́ṣẹ́. Ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i.

Àwòrán jáde. Apá ọ̀tún ni! Ibì kan funfun níbẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Dókítà fi hàn án, ó ní egungun tó ṣẹ́ ló ń dùn ún lósì, ọ̀tọ̀ nibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. Ó gbà fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ púpọ̀ ṣá. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá, wọ́n gún abẹ́rẹ́ sójú kan lókè itan rẹ̀ kó má baà mọ ìrora, wọ́n lu ihò síbẹ̀, wọ́n sì ń ti rọ́bà tín-ín-rín kan bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí àwòrán fi hàn. Ojú ọkọ mi là sílẹ̀, ó ń wò ó. Láti ẹ̀yìn gíláàsì tí mo dúró sí, mo ń gbọ́ ọ tó ń darí wọn: kí wọ́n rọra, kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, kí wọ́n má tì í jù. Nọ́ọ̀sì ti ń fi apá bo ẹ̀rín. Dókítà ki wáyà wẹ́wẹ́ tó ká jọ gba inú rọ́bà náà, ó fi dí ibi tó ń jò, ó tún fa oògùn sí i. Kò sí ohun tó jò mọ́.

Ọkọ mi wá béèrè ibi tí wọ́n gbà wọlé. Dókítà fi hàn án. Ihò náà kò ju ẹnu pẹ́ńsù lọ. Ó wò ó títí, ó wá bi dókítà bóyá wọ́n lè gba òun sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ yẹn fún wákàtí mẹ́fà, kí ihò náà má baà ṣí. Kò tíì pé wákàtí kan tó fi ń sọ pé òun fẹ́ lọ wo táǹkì ilé ìwé yẹn. Mo di orúnkún rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi. Egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́, wọn ò lè lọ ibì kankan."

Mo ní mo gbọ́. Wákàtí mẹ́fà pé, ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀.