Ọ̀rá Tí Tadjoudine Ò Bó

Tẹ́ ẹ bá dé ilé Tadjoudine ní Abobo Gare, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ẹ máa rò pé àná ni wọ́n kó ẹrù wọlé. Àga wà nínú ọ̀rá. Fíríìjì, ọ̀rá. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n gan-an wà nínú ọ̀rá, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ibẹ̀ ṣe ń ṣe é: nǹkan tuntun, ẹ má bọ́ṣọ lára ẹ̀.

Fídíò ló ń yà. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Á gbé kámẹ́rà léjìká, á máa rìn bí àkùkọ tó wọ bàtà: "Tantie, ẹ rẹ́rìn-ín! Non, non, ẹ má feyín pamọ́!" Nígbà tí Ṣàkírát ìyàwó ẹ̀ bí Kaoussarath, òun fúnra ẹ̀ ló ya ìkómọ náà látòkèdélẹ̀.

Ìyá ẹ̀ ò lè wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá wà, ojú ń dùn ún, dókítà sì ti sọ pé ojú náà ń kú lọ ni. Ìyá pè é lórí fóònù.

"Tàjù, jẹ́ n rí ọmọ yìí kílẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Mustaqeem, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ, ló máa gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá fún mi."

"Màmá, ẹ máa rí i!"

Ló bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ máa to fídíò. Kọ̀ǹpútà ṣe fùùùù, fùùùù, bí arúgbó tó ń gùnkè, ó ṣe kpáà! Ó kú. Ó tún tàn án. Fùùùù, kpáà! Ó fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́: iná! Fáànù tó ń tu ọpọlọ ẹ̀rọ náà lára, ìyẹn processeur, ti gbó.

Ṣàkírát ní, "Bàbá Kaou, fi fóònù ya ọmọ, kó o fi ránṣẹ́ sí Màmá. Òun nìyí, ó lajú sílẹ̀."

"Fóònù? Èmi? Gbogbo Abobo ló mọ̀ mí sí fídíò, kí n wá fi fídíò fóònù, gbìrì-gbìrì, ránṣẹ́ síyàá tó bí mi? Jamais! Láéláé!"

Ó gba ọjà Adjamé lọ sọ́dọ̀ Kadi, obìnrin Dioula tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Fáànù kan ń tàn pupa, ó ń tàn búlúù, ojú Tadjoudine ò kúrò lára ẹ̀. Kadi pòṣé. Faransé ẹ̀ ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kôrô, ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn, ijó ló mọ̀ ọ́n jó. Ṣé ijó lo wá wò ni? Mú eléyìí."

Ńlá ni, ó dúdú, kò lẹ́wà rárá. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tò léra, fáànù gbòòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ bàbà tó ń dán.

"Bàbà yìí ló máa jókòó lé processeur, á fa ooru ẹ̀, fáànù á fẹ́ ẹ jáde. Fi ìpara yìí sáàárín, kó tó hóró ẹ̀wà kan. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mo gbọ́."

Ó kúkú yàn dáadáa, kò sẹ́ni tó máa purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó délé, ó rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bàbà náà. Kó bó ọ̀rá? Ta ni? Ó tún fàtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí. Ó wá kun ìpara lé e, ó dè é mọ́ processeur.

Kpáà! Kò tiẹ̀ ṣe fùùùù mọ́.

Ó sáré padà sí Adjamé. "Kadi, ayédèrú lo tà fún mi!"

"Èmi? Wallaï, lọ wo ọwọ́ tó o fi dè é!"

Wọ́n bú ara wọn yánnayànna. Tadjoudine ní òun ò rà níbẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n bá òun mú òmíràn bọ̀ láti Cotonou. Ìyẹn ò tètè dé.

Ìyá ń pè. "Tàjù, fídíò dà?"

"Ó ń bọ̀, Màmá."

Ṣàkírát ní, "Fóònù ńkọ́..."

"Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ìgbà tí tuntun dé, tó tú ti Kadi kúrò, ló rí ohun tí ọ̀rá náà dà. Ó ti súnkì, ó ti hunjọ bí awọ ojú wàrà. Òun ló dínà mọ́ ooru. Ṣàkírát wo ọ̀rá, ó wo ọkọ ẹ̀, ó gbé ọmọ ẹ̀ kọjá. Ì bá tiẹ̀ ti bú u. Tadjoudine bó ọ̀rá náà, ó dá ti Kadi padà síbẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń mí fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn. Fídíò parí lọ́jọ́ náà, ó fi ránṣẹ́.

Mustaqeem pè, ó gbé fóònù fún Ìyá.

"Tàjù, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ. Ohùn ẹ̀ le bíi ti bàbá ẹ."

"Màmá, ẹ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n."

"Mo ti sún mọ́ ọn, imú mi ló ń kàn án yìí. Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

"Funfun, Màmá."

"Hẹn. Imú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé tèmi ni?"

Tadjoudine, ẹlẹ́nu bí agogo, na fóònù sí ìyàwó ẹ̀: ilẹ̀ ti ṣú mọ́ Màmá. Ṣàkírát gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Tiyín ni, Màmá. Ó rí róbótó. Iwájú orí ẹ̀ yọ díẹ̀..."

"Rọra máa sọ ọ́, ìyàwó mi. Etí ò yára tó ojú."

Tadjoudine lọ gbé ọmọ náà wá síwájú ìyàwó ẹ̀, ó dì í mú sínú ìmọ́lẹ̀, kó má baà síbi tí Ṣàkírát máa fò nínú àpèjúwe ẹ̀.