Èdè Ọwọ́ Tonya Beckner

Ní ìlú wa níhìn-ín, létí odò Ohio, bí ẹ bá rí obìnrin tó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ láàárín ilé ìtajà, tó sì ń rẹ́rìn-ín, Tonya Beckner ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà ní kíláàsì àwọn ọmọ adití. Adití ni Dwight àbúrò rẹ̀ láti kékeré. Nítorí tirẹ̀ ni Tonya ṣe yan èdè ọwọ́ ní girama, tó sì ṣe é fún ọdún méjì gbáko, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ Sípéènì kí wọ́n lè máa fi bú òbí wọn.

Èmi ni mo ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ gboyè wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ọdún 1996 ni Tonya kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ wa, ó lóyún, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, ọdún mẹ́fà ló fi ń wá ní ìrọ̀lẹ́ títí ó fi parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti fi àyè tíṣà kan sílẹ̀ dè é títí di oṣù kẹjọ. Bí oyè kò bá tí ì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú nìyí. Ẹni tó bá ti fi ọdún méjì kọ́ èdè mìíràn ní girama kò ní láti kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ọdún tí èèyàn kọ́kọ́ wọlé la fi ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ti ọdún 1996 ní kó jẹ́ èdè “tí a ń fi ẹnu sọ, tí a sì ń kọ sílẹ̀.” Ìwé tòní gba èdè ọwọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ bí Tonya bá kó sábẹ́ ìwé tòní, iṣẹ́ tuntun mẹ́rin ni yóò ṣe sí i, ọdún kan àbọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé bẹ ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n gba èdè ọwọ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pé kò ṣeé ṣe. Inú bí mi débi pé mo ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹni pé yóò yí padà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tonya dé pẹ̀lú Dwight, ó gbé abọ́ ṣokoléètì tí wọ́n ki bọ́tà ẹ̀pà sí nínú dání.

“Ọ̀gbẹ́ni Líìkì,” ló wí. Lékè lorúkọ mi, àmọ́ kì í yọ lẹ́nu àwọn ará ibí. “Ojú yín ti le jù. Ṣé ẹ jẹun láàárọ̀ ṣá?”

“Tonya, jókòó.”

“Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kì í ní kí n jókòó.”

Mo sọ ọ́ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ fún Dwight, kò fo ọ̀rọ̀ kan, torí kì í jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ jókòó síbi tí kò ti mọ ohun tí à ń sọ. Báyìí ló ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún un pé èdè wọn kì í ṣe èdè.

“Tí mo bá wá kọ́ Sípéènì ńkọ́?”

“Ọdún kan.”

“Oṣù kẹjọ ńkọ́?”

Mo ní màá tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé kò sóhun tó máa tibẹ̀ jáde. Ojú tì mí.

Dwight fọwọ́ kan tábìlì mi, ó fi ọwọ́ sọ nǹkan, Tonya sì túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní èdè wo lẹ̀yin fi wọlé síbí nígbà tiyín.”

“Yorùbá ni. Girama ni mo ti ṣe é nílé. Díẹ̀ ló kù kí n fìdí rẹmi pàápàá.”

Tonya rẹ́rìn-ín díẹ̀. Dwight kò rẹ́rìn-ín. Ó tún béèrè nǹkan, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ojú mi kó tó sọ ọ́ jáde.

“Ó ní, ta lẹ̀ ń bá sọ ọ́ níbí?”

Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́rin. Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì.

“Kò sí ẹnì kankan,” ni mo wí.

Tonya sì fi ọwọ́ sọ ìyẹn náà fún un.